Ohun Tí Bàbá Asiyah Kò Sọ fún Dókítà

Ọ̀yọ́, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Jánúárì 1988

Sístà Leah ló fún mi ní ìwé yìí lónìí ní ọsibítù Àánúolúwa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìwé ọmọ iléèwé ni, wọ́n tẹ ìṣirò ìsọdipúpọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, bí ẹni pé mi ò tíì rí i tó ní kíláàsì. Ó ní, "Ìyá Asiyah, ẹ máa kọ bí bàbá ṣe ń mí sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun tí ojú yín bá rí ni kí ẹ kọ o." Mo ní kó fọkàn balẹ̀, tíṣà ni mí. Iwájú ìwé ni ti ọsibítù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni màá ti máa kọ tèmi.

Dókítà Akínpẹ̀lú ti rí ohun tó ń jẹ́ kí Mùílì ọkọ mi máa mí gúlegúle láti ọdún tó kọjá. Ó ní ilẹ̀kùn kan wà nínú ọkàn èèyàn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, ti Mùílì ti le, ó sì ti fún. Àìsàn oríkèé tó ṣe é nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá ló dá a sílẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì báyìí. Ẹ ò rí bí àìsàn ṣe ń lúgọ deni.

Lójú fèrèsé tí wọ́n ti ń kọ káàdì, akọ̀wé bi wá pé iṣẹ́ wo ni bàbá ń ṣe. Kí Mùílì tó la ẹnu, mo ti ní, "Oníṣòwò ni wọ́n." Láti ọdún mẹ́rìnlá tí a ti fẹ́ra wa, ẹnu mi ló ń ṣiṣẹ́ fún àwa méjèèjì.

Ọyẹ́ yìí le. Ètè Asiyah ọmọ wa ti là yánnayànna.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Jánúárì

Ó fẹsẹ̀ rìn lọ kí Jímọ̀. Mo bá a dé ìdajì ọ̀nà, ó dúró sinmi lẹ́ẹ̀kan lẹ́bàá ilé alágbẹ̀dẹ. Mo ní, "Ó ti ń sàn, àbí?" Ó ní, "Alhamdulillahi." Mo kọ ọ́ síwájú ìwé pé ó sàn díẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 21 Jánúárì

Oògùn tó ń mú un tọ̀ yìí kò fún un nísinmi. Ó ní kí n kúkú gbé ẹní òun lọ sí ilé ìtọ̀ kí òun yéé ṣe wàhálà ìrìn.

Dókítà ní kí a yọ iyọ̀ kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀. Mo se ọbẹ̀ aláìníyọ̀, ó jẹ ẹ́ tán, ó ní, "Alhamdulillahi, ó dùn." Mo tọ́ ọ wò lẹ́yìn rẹ̀. Ajá kò ní jẹ ẹ́. Ọkùnrin yìí lè fi ọpẹ́ Ọlọ́run parọ́.

Owó agolo mílíìkì tún ti fò sókè ní ọjà Akẹ̀sán. Obìnrin tó ń tà á ní kí n má wo òun bẹ́ẹ̀, pé òun kọ́ ló bí Sáàpù tí ìjọba fi sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n.

Nígbà tí mo dé láti ọjà, Mùílì jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ pẹ̀lú igbá láàárín orúnkún, ó ń fín alángbá sí i lára. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mò ń wo ọwọ́ rẹ̀. Nítorí ọwọ́ yẹn ni mo ṣe fẹ́ ẹ, kì í ṣe nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, torí kò sọ ọ̀kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Fẹ́búárì

A lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alhaji Gàfárù, ló fi Píjò rẹ̀ gbé wa. Alhaji ló tọ́ Mùílì dàgbà lẹ́yìn ikú bàbá wọn, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń ṣe nínú ilé náà kó má kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Dókítà ní, "Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara ńkọ́?"

Mùílì ní, "Alhamdulillahi, dókítà. A dúpẹ́."

"Oògùn ńkọ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́. Ọlọ́run á bù kún yín."

Dókítà ka ìwé mi. Ó kọ nǹkan sí káàdì. Lẹ́yìn náà ló gbé rọ́bà etí rẹ̀ lé e láyà, ó gbọ́ ọ títí, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní ohun tí ẹnu ń sọ àti ohun tí àyà ń sọ kò bára mu. Ó ní oògùn nìkan kò lè gbé e mọ́. Kí a lọ sí Ìbàdàn, kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, kí wọ́n yọ ilẹ̀kùn tó fún yẹn, kí wọ́n fi onírin sí i. Lẹ́yìn rẹ̀, títí ayé ni yóò máa lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Alhaji ní, "Dókítà, a ti gbà. Ohun tí ẹ bá ní kí á ṣe la ó ṣe."

Èmi náà ní, "A ti gbà, sà."

Mùílì ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Sístà Leah sìn wá dé ẹnu géètì. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ gan-an ni, Onítẹ̀bọmi látìlẹ̀, irun orí rẹ̀ ti funfun, kì í gbé ohùn sókè. Ó fà mí lọ́wọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ̀yin ti gbà, Alhaji ti gbà. Mi ò tíì gbọ́ ohùn bàbá. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, Ìyá Asiyah." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Sístà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Wọn kì í sọ̀rọ̀."

Ó wò mí, ó ní ó dàárọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 4 Fẹ́búárì

Ọ̀bẹ gé e ní àtàǹpàkò òsì. Kì í ṣe tuntun, kò sí ọ̀sẹ̀ tí ọ̀bẹ kì í bù ú jẹ. Ó máa ń fi ẹnu lá a ni, á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Lónìí ó gbé ìka náà sókè, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ títí ó fi dá. Lẹ́yìn náà ló kó ọ̀bẹ rẹ̀ méjèèje jọ, ó nù wọ́n, ó fi epo pa wọ́n, ó dì wọ́n sínú aṣọ.

Mo ní, "Ṣé ẹ ti ṣíwọ́ ni? Ó ti rẹ̀ yín, àbí?"

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Mo kọ ọ́ síwájú ìwé pé ó rẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 7 Fẹ́búárì

Kò fín igbá láti ọjọ́ mẹ́ta. Asiyah bi í pé kí ló dé, ó ní igbá kò dára lọ́dún yìí. Irọ́ ni. Igbá ọdún yìí dára, èmi ni mo bá a rà á.

Ọjọ́rú, 10 Fẹ́búárì

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, bó tilẹ̀ ń ta mí lára.

Mo ń gbálẹ̀ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fa àbọ̀ igbá kan tó ti sán jáde. Mo fẹ́ jù ú nù, ni mo bá rí i pé ó fi ọ̀bẹ fa ìlà wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ó fi òṣùpá kékeré sàmì sí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan tó bọ́ sí Jímọ̀. Mo mú ìwé mi, mo fi wé e. Jímọ̀ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún tí mo kọ pé ó dúró lẹ́ẹ̀kan, ìlà márùn-ún ló wà nínú igbá. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mẹ́fà. Jímọ̀ tó kọjá, mẹ́sàn-án.

Ó ti mọ́sálásí dé, mo gbé e sí i níwájú.

"Kí lèyí?"

"Ibi tí mo ti dúró mí ni."

"Ẹ̀ẹ̀kan lẹ sọ fún mi!"

"Èmi kọ́. Ìwọ lo sọ pé ó ti ń sàn. Lẹ́yìn tí o padà sílé ni mo tó dúró èyí tó kù."

"Kí wá ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún dókítà?"

Ó jókòó. Ó mí díẹ̀ kó tó lè fèsì. "Dókítà kí mi, ó ní ara ńkọ́. Bí èèyàn bá béèrè àlàáfíà ẹni, ọpẹ́ là ń dá. Ta ló máa ń ka ìrora sílẹ̀ fún ẹni tó kí i?" Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìwọ ní tìrẹ, Tíṣà, bí o bá bi mí ní ìbéèrè, o máa ń bá mi dáhùn rẹ̀."

Kò bínú sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sunkún dáadáa. Mo padà wá bi í pé ẹran tàbí ẹja ni yóò jẹ, mo sì dákẹ́ dúró. Ó pẹ́ títí kó tó dáhùn, bí ẹni tó ń wádìí bóyá mò ń ṣeré ni. Ẹja ló fẹ́. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń se ẹran fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Fẹ́búárì

Èmi àti òun nìkan la lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, a wọ mọ́tò èrò. Mo fi gèlè di igbá náà.

Mo tú u, mo fi han Sístà Leah. Ó kà á, ó gbé e mọ́ àyà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìyá Asiyah, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ jókòó níta. Bàbá nìkan ni yóò wọlé."

Inú bí mi! Èmi tí mo gbé igbá wá! Mo rìn dé Takie láàárín ìlú pẹ̀lú ìbínú, mo ra ọsàn tí mi ò nílò, mo sì bá ọlọ́sàn ná an dé ibi tí òun náà ń fi mí ṣẹlẹ́yà. Mo padà, wọn ò tíì jáde. Mo bó ọsàn mẹ́ta jẹ. Wọn ò tíì jáde. Kí ni Mùílì lè máa sọ tó gùn tó báyìí?

Nígbà tí wọ́n pè mí wọlé, igbá wà lórí tábìlì, Dókítà ti yí àga rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ Mùílì, ó di àtàǹpàkò rẹ̀ tí ọ̀bẹ gé mú.

Ó ní, "Ìyá Asiyah, oníṣòwò ni wọ́n kọ sí káàdì yìí. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ọsàn méjì tó kù bọ́ lọ́wọ́ mi.

Èmi ni. Mo sọ fún wọn pé èmi ni. Ohun tí mi ò lè sọ níbẹ̀ ni màá kọ síbí. Ojú ló tì mí. Ọkọ àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi ń ṣiṣẹ́ ní báńkì àti ní sẹkitéríàtì, mi ò sì fẹ́ kí akọ̀wé kékeré yẹn wo ọkọ mi bí ẹni tí kò já mọ́ nǹkan. Ọwọ́ tí mo torí rẹ̀ fẹ́ ẹ ni mo fi pamọ́.

Dókítà ní òun ì bá ti rán an lọ sí Ìbàdàn. Ẹni tó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bí ọ̀bẹ bá gé e lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ewu ni. Ilẹ̀kùn onírin àti ọ̀bẹ ìfíngbá kò lè gbé ilé kan náà. Mùílì ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ti gbọ́ orúkọ oògùn yẹn, ìdí nìyẹn tó fi di ọ̀bẹ rẹ̀ sínú aṣọ.

Dókítà wá ní ọ̀nà mìíràn wà. Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ń bọ̀ láti Ìbàdàn lóṣù tó ń bọ̀, ó lè la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níhìn-ín ní Ògbómọ̀ṣọ́, kó fẹ ilẹ̀kùn náà, kó má yọ ọ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má nílò oògùn yẹn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn náà lè tún fún lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kì í sì í ṣe gbogbo irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ ló ń gbà kí a fẹ òun. Ti onírin máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ewu wà nínú méjèèjì, ó sì ka ewu náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fi ọ̀kan pamọ́.

Mo ti la ẹnu láti sọ èyí tí a fẹ́. Sístà Leah wò mí. Mo pa á dé.

Mùílì ní, "Ẹ fún mi láyè kí n rò ó."

Dókítà ní, "Ọkàn yín ni, bàbá. Ẹ lọ rò ó."

Ọjọ́bọ̀, 18 Fẹ́búárì

Mo ti rí oògùn ẹnu mi. Orógbó ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ti bi Mùílì ní nǹkan, màá ju ọ̀kan sẹ́nu, kí n tó rún un tán, òun náà á ti dáhùn. Mo ti rún mẹ́jọ láàárín ọjọ́ méjì. Asiyah ní ẹnu mi korò.

Ọjọ́ Àìkú, 21 Fẹ́búárì

Ìpàdé ní ilé Alhaji. Alhaji ti gbọ́ pé Mùílì ní kí wọ́n fún òun láyè rò ó, inú sì ń bí i.

"Ṣé aláìsàn ló máa ń kọ́ dókítà níṣẹ́ ni? Mo ti sọ pé a gbà. Ṣé kí n wá padà lọ sọ pé Mùílì ní òun ò gbà?"

Mùílì dọ̀bálẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó mú kèrègbè méjì jáde nínú àpò. Ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ fún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó. Ẹnu èyí fún bíi ti inú àyà mi. Mo lè gé ọrùn rẹ̀ kúrò, kí n fi irin sí i. Yóò pẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò tún ní mú ọ̀bẹ mọ́." Ó mú ìkejì. "Èyí, mo fi ọ̀bẹ fẹ ẹnu rẹ̀. Ó lè sán lọ́jọ́ iwájú. Ó lè sán lónìí. Èmi tí mo mọ ohun tí ọ̀bẹ ń ṣe, mo mọ̀ pé ó lè sán."

Mi ò gbọ́ kó sọ̀rọ̀ tó báyìí rí. Orógbó wà lẹ́nu mi, mo gbàgbé láti rún un.

Alhaji fi etí agbádá bojú. A wá rí i pé ẹkún ló ń sun. Ó ní, "Èmi ni mo pọ̀n ọ́ láti oko títí dé ọsibítù nígbà tí oríkèé rẹ wú. Ò ń ké lẹ́yìn mi ní gbogbo ọ̀nà. Mi ò fẹ́ gbọ́ irú igbe yẹn mọ́. Ìdí tí mo fi sọ pé a gbà nìyẹn, kí ó lè tètè tán."

Mùílì ní, "Ẹ ti pọ̀n mí dé ibi tó yẹ kí ẹ pọ̀n mí dé. Ẹ jẹ́ kí n fẹsẹ̀ ara mi rin èyí tó kù, bí mo tilẹ̀ máa dúró mí nígbà mẹ́sàn-án."

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Máàṣì

Ó sọ fún Dókítà pé fífẹ̀ lòun fẹ́. Ó béèrè ìbéèrè mẹ́rin tó ti fín àmì wọn sínú igbá kó má baà gbàgbé. Èyí tó kẹ́yìn ni, "Bí ẹ bá là á, tí ẹ rí i pé kò ṣeé fẹ̀ ńkọ́?"

Dókítà ní àwọn lè padà pa á dé.

"Ẹ pa á dé nígbà náà. Ẹ jí mi, kí ẹ bi mí."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Wọ́n gbé ìwé àdéhùn jáde, Alhaji ti na ọwọ́ sí bírò bó ṣe máa ń ṣe, ó sì dá ọwọ́ náà dúró lójú ọ̀nà, ó fi họ irùngbọ̀n rẹ̀. Mùílì fi èdè Lárúbáwá kọ orúkọ ara rẹ̀, ó rọra kọ ọ́, ó sì fi ìlà tó rẹwà sí ìdí rẹ̀, bí ẹni tó ń fín igbá.

Sístà Leah sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ pé òun kì í gba ti akọ̀wé mọ́. Òun fúnra òun ló ń bi aláìsàn báyìí pé kí ni ọwọ́ wọn ń ṣe.

Ọjọ́bọ̀, 10 Máàṣì

Òjò àkọ́rọ̀. Ó tú ọ̀bẹ rẹ̀ kúrò nínú aṣọ, ó parí alángbá tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó dúró mí lẹ́ẹ̀mejìlá. Òun ló sọ ọ́ fún mi, mi ò kà á.

Ògbómọ̀ṣọ́, Ọjọ́ Ajé, 21 Máàṣì

Wọ́n ti fún un ní bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rù ń bà mí. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun náà. A di ọwọ́ ara wa mú, a jọ ń bẹ̀rù.

Ọjọ́rú, 23 Máàṣì

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n gbé e wọlé. Alhaji ń ka tẹ̀síbáà, Sístà Leah jókòó tì wá ní wákàtí ìsinmi rẹ̀, ó ń gbàdúrà lábẹ́ èémí. Nígbà tó ṣe, Alhaji ní, "Sístà, ẹ gbé e sókè díẹ̀ kí n lè ṣe àmín."

Aago méjìlá kọjá. Kò sẹ́ni tó jáde. Mo rántí ohun tó ní kí wọ́n ṣe, mo wá ń wo ilẹ̀kùn yẹn, mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n má jí i bi í o.

Aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Dókítà Akínpẹ̀lú jáde. Ó ní, "Ó gbà. Ó fẹ̀."

Alhaji lọ síta, ó sì forí kanlẹ̀ lórí yanrìn.

Ọjọ́ Ẹtì, 25 Máàṣì

Mo kọ èyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Dókítà dé ní àárọ̀ yìí pẹ̀lú Sístà Leah àti nọ́ọ̀sì méjì. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú ewu. Ara ńkọ́?"

Alhaji ti ń sọ pé, "A dú—" Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi! Kí Ọlọ́run foríjì mí. Orógbó wà lẹ́nu mi, mo gé e jẹ.

Mùílì wo òkè àjà. Ó wo Dókítà. Ó wò mí.

Ó ní, "Ó ń dùn mí."

Dókítà fa àga, ó jókòó.

"Ó ń dùn mí gan-an, dókítà. Ẹ̀gbẹ́ òsì níbí ló le jù, pàápàá bí mo bá wúkọ́. Òru àná ó dùn mí débi pé mo fẹ́ ké, mo tijú nítorí ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó." Ó fa èémí sínú, ó lọ títí, kò sí ohun tó dá a dúró lọ́nà. "Ó ń wọlé."

Mo sunkún níwájú gbogbo wọn. Ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti ń sùn ti ọkùnrin yìí, òní ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ ibi tó ti ń dùn ún.

Sístà Leah ní kí n má gbàgbé iwájú ìwé, ojúewé ti òní ṣì ṣófo. Mo mú bírò, mo bi Mùílì pé kí ni kí n kọ, mo sì dúró.

Ó ní, "Kọ ọ́ pé, ó ń dùn mí."

Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.